Iná Oòrùn, Iná Oorun

Mẹ́fà ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá odò Tée,
pọ́n-ùn méjìlá péré, mo ṣe bí ọ̀pọ̀ ni.
Wọ́n ya oòrùn sára páálí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.
Wọ́n ní kò gba wáyà, kò gba owó iná,
kí n ṣáà ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ilẹ̀, kí n máa wòran.
Mo gbìn wọ́n bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́,
láti ẹnu géètì títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.

Oṣù Òkúdu ni. Ní Dọ́ńdíì nígbà náà,
ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú. Aago mẹ́wàá alẹ́ lù,
ojú ọ̀run ṣì funfun bí omi ògì.
Àwọn iná mi yó kẹ́ri, wọ́n ń tàn yanran
fún ta ni? Gbogbo wa ṣáà ń ríran.

Ó wá di oṣù Ọ̀pẹ.
Oòrùn yọjú lẹ́yìn aago mẹ́jọ ààbọ̀,
ó wò wá fìrí bí àna tó wá mú fìlà tó gbàgbé,
kí n tó ní "ẹ káàbọ̀", ó ti dágbére.
Aago mẹ́ta ààbọ̀, òkùnkùn ti fìdí kalẹ̀.
Èmi tí mo ń tọ́jú àwọn arúgbó títí di aago mẹ́sàn-án,
mo délé, mo bá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ń tòògbé.
Iná oòrùn ni wọ́n kọ sára páálí,
iná oorun ni mo gbìn.

Mo dán wọn wò.
Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá a nínú ewé tútù,
ìgbín aláìníkarahun ni mo kọ́kọ́ gbá mú.
Mo gbé létà àwọn oníná síwájú èyí tó mọ́lẹ̀ jù,
mo rí i pé bébà ni. N kò rí iye owó.
Garawa ìdọ̀tí wa mẹ́ta, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ ilẹ̀,
ìbejì ìbẹta ni gbogbo wọn lábẹ́ iná yìí.
Mo ti èyí tí kò kàn sí títì,
àwọn akólẹ̀ fi í sílẹ̀ fún mi láàárọ̀, ó ń wò mí lójú.

Bàbá mi pè láti Ìkìrun:
"Iná tí o ní o rà ńkọ́? Ṣé ó mọ́lẹ̀?"
"Bàbá, ó mọ́lẹ̀ tó kí èèyàn rí i."
"Kí èèyàn rí kí ni?"
"Kí èèyàn rí iná náà."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.
"Oòrùn ló ń gbé fíríìjì mi níbí,
tìrẹ kò wá lè wá kọ́kọ́rọ́ rí?"

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n fà wọ́n tu.
Mo ti tu ẹyọ kan, amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
nígbà tí Mọ́rágì kan gíláàsì fèrèsé rẹ̀ gbagbagba.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti ń lọ.
Ó ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun kì í rí èèyàn mọ́,
àfi àmì iná.
"Mo máa ń kà wọ́n. Bí o bá ti ń kọjá,
èyí àkọ́kọ́ á kú, á jí. Ìkejì á kú, á jí.
Bí ìkẹfà bá ti jí, mo mọ̀ pé o ti wọlé,
màá wá lọ sùn."

N kò mọ̀ pé ẹnì kankan ń dúró dè mí nílùú yìí.

Mo dá a padà sínú ihò rẹ̀, mo fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ yí i ká.
Mo ti pe oníwáyà kó wá so gílóòbù gidi sórí ilẹ̀kùn,
torí kọ́kọ́rọ́ ṣì ni kọ́kọ́rọ́,
yìnyín orí àtẹ̀gùn kò sì mọ ojú ẹni tó ń ṣàánú.
Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo ń fi àkísà nu ojú wọn,
kí ìwọ̀nba oòrùn tó bá yà wá lè rí ibi wọlé.
Ìkẹrin ti ń ṣẹ́jú. Bátìrì rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó.
Bí n kò bá pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè,
Mọ́rágì á ka márùn-ún,
á jókòó síbẹ̀, á máa retí mi.